Etí ni wàhálà wà: bí ooru ṣe ń bẹ́ nínú ìṣirò, àti ohun tí kì í jẹ́ kó bẹ́

Tẹ́ ẹ bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ má dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, ẹ gba ẹ̀yìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é gangan, ẹ máa rí ìkòkò àbẹ́là. Wọ́n á yọ́ àbẹ́là lórí iná, wọ́n á ki fóòmù tí wọ́n ti gé ní ìrísí òdòdó tàbí ẹyẹ bọ inú ẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ funfun kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró. Àǹtí mi kan wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọmọṣẹ́ wọn fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná ó lọ dáhùn fóònù, àbẹ́là gbóná kọjá ààlà, ó ń rú èéfín funfun, kí n tó lanu pé ẹ wo ìkòkò yìí o, fàù, ojú ẹ̀ ti gbiná. Ọmọ yẹn sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Àǹtí mi ké mọ́ ọn pé, "O fẹ́ jó wa mọ́lé ni? Gbé omi yẹn sílẹ̀!" Wọ́n ti ìdérí irin gba ẹ̀gbẹ́ sórí ìkòkò, wọ́n fa igi ìdáná jáde, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má ṣí i. Ó tán. (Ẹ dákun, omi àti àbẹ́là tó ń jó ò gbọdọ̀ pàdé láé. Omi á rì sísàlẹ̀, á hó lójijì, á sì ta gbogbo iná yẹn sí yín lójú.)

Ohun tó wá ń jà lọ́kàn mi lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni pé iná yẹn ò sí nínú àbẹ́là rárá. Nínú ìkòkò, àbẹ́là kàn ń gbóná jẹ́jẹ́ ni. Ojú ẹ̀ lókè ló ti ń di èéfín, èéfín yẹn ló ń jó, jíjó yẹn ló ń dá ooru padà sójú àbẹ́là, ooru tó padà yìí ló tún ń mú èéfín pọ̀ sí i. Bójú bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru tó ń gba ojú wọlé á ṣe pọ̀ tó. Àrùn tó ń bọ́ ara ẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ẹ̀ ni àbúrò mi kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì fi WhatsApp ránṣẹ́: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà mi ń di NaN, súpáfáísọ̀ mi sì ní blow-up ni, mi ò mọ ohun tó ń sọ." (NaN ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ tí èsì ìṣirò kì í bá ṣe nọ́ńbà mọ́; blow-up ni bíbẹ́.) Mo wo iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, àfi ìkòkò àǹtí mi. Heat equation, ìṣirò tó ń sọ bí ooru ṣe ń rìn, tí etí ẹ̀ (ìyẹn ìpẹ̀kun ibi tí ooru ń gbà wọlé) ò tẹ́ gbọọrọ, tí ooru tó ń gba etí wọlé ń pọ̀ sí i ju bí etí ṣe ń gbóná sí i lọ. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé kí la lè ṣe tí kò fi ní bẹ́. Mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù títí owó fi tán, mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó sì ń dà bí èdè àwọn ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba heat equation fúnra ẹ̀ sílẹ̀, tórí kò jẹ̀bi. Fourier, ará Faransé, ló kọ ọ́ síwèé ní 1822, ohun tó sì ń sọ ò le: ibì kan á máa gbóná sí i tí àwọn aládùúgbò ẹ̀ bá gbóná jù ú lọ, á máa tutù tí wọ́n bá tutù jù ú lọ. Ẹ fi ṣíbí irin sínú làfún tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, ẹ di ọwọ́ ṣíbí mú, ẹ máa rí i bó ṣe ń rìn bọ̀ wá bá yín. Ìwà ooru nìyẹn, ó fẹ́ kí gbogbo ibi rí bákan náà, kò fẹ́ kí ẹnì kan yọrí láàárín ẹgbẹ́. Tí a bá fi òun nìkan sílẹ̀, ibi tó gbóná jù lónìí ò lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la láéláé. Nítorí náà tí nǹkan bá bẹ́, ẹ má bú Fourier, ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà.

Kí wá ni bíbẹ́? Ibí yìí ló ń ru ọ̀pọ̀ èèyàn lójú jù. Bíbẹ́ kì í ṣe pé nọ́ńbà pọ̀ gan-an. Ó túmọ̀ sí pé nọ́ńbà dé àìlópin kí aago kan tó ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí tó lù. Ẹ wo owó èlé. Sọgúndogójì àtijọ́, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì, ìkà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ́. Gbèsè tí èlé ẹ̀ bá gbèsè fúnra ẹ̀ dọ́gba ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí èlé sì ń gun orí èlé láì sinmi, á máa di ìlọ́po méjì láàárín bíi 42 ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ 42 ìṣẹ́jú, lálẹ́ 42 ìṣẹ́jú. Naira kan á di bíi bílíọ̀nù 26 lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ lè sá kúrò nílùú tórí ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ṣì ni, a ṣì lè kọ ọ́ sórí pátákó.

Ẹ wá fojú inú wo olówó gbọ́mú-lé-lántà kan tí ìwọ̀n èlé ẹ̀ gan-an ń lọ sókè bí gbèsè ṣe ń pọ̀. Gbèsè 1,000, ẹ san mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún. Ó di 2,000, ẹ san ogún lórí ọgọ́rùn-ún. Ó di 10,000, ọgọ́rùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Èyí ni agbára 2: ìdàgbàsókè ẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà náà ní ìlọ́po ara ẹ̀. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 ní aago 12, ó di 2 ní 12:30, ó di 4 ní 12:45, ó di 8 ní ìṣẹ́jú méje àtààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìlọ́po kọ̀ọ̀kan ń gba ìdajì àkókò èyí tó ṣáájú ẹ̀, ẹ máa rò ó lọ, gbogbo ìlọ́po tó wà láyé, àìmọye wọn, ló ti ṣẹlẹ̀ tán kí aago kan tó lù. Lẹ́yìn aago kan ńkọ́? Kò sí ìdáhùn. Ìṣirò ò ní ohunkóhun láti sọ mọ́. Bíbẹ́ nìyẹn.

Ó yá, ká padà sí etí. Ẹ gbé ọ̀pá irin kan tí kò gùn, ká pe gbígbóná ẹ̀ ní u. Gbogbo ara ẹ̀ la fi nǹkan dì pa, ooru ò ráyè jáde, àfi àwọn orí ẹ̀ tí ooru ń gbà wọlé. Ooru tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan jẹ́ u ní agbára p, ìyẹn u^p. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Levine àti Payne, ti fi hàn ní 1974 pé irú ẹ̀ lè bẹ́, ní 1975 ni Walter, ará Jámánì, wá fi ààlà sí i gedegbe. Tí p bá jẹ́ 1 tàbí kó kéré sí 1, kò ní bẹ́ láé, á kàn máa ga bíi sọgúndogójì. Tí p bá ju 1 lọ, kódà kó jẹ́ 1.01, gbogbo ẹ̀ ló máa bẹ́. Gbogbo ẹ̀ mo wí o! Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbígbóná tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ á bẹ́, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ńlá á bẹ́, àkókò ló yàtọ̀.

Àbúrò mi ò gbà. Ó ní ṣebí ooru fẹ́ràn àtitàn káàkiri, tí irin náà bá mọ bó ṣe ń tan ooru ká dáadáa, bíi bàbà pupa, ṣé kò ní lè gbé e kúrò létí kó tó ga jù? Èrò tó dáa ni, ọ̀pọ̀ ló ń rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ gbé e lọ? Inú yàrá kan náà ni. A ti dí gbogbo ojú ọ̀nà. Tí irin bá tan ooru ká tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ara ẹ̀ gbóná bákan náà, á jẹ́ pé gbogbo ara ẹ̀ ti di gbèsè kan ṣoṣo nìyẹn, gbèsè gbọ́mú-lé-lántà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Títàn kálẹ̀ ń ra àkókò fún wa ni, kò ra ìgbàlà. Bíbẹ̀rẹ̀ ní kékeré náà, àkókò ló rà.

Ibi tó wá dùn jù fún mi nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fo ibì kan, ẹ má fo ibí. Nígbà tí u bá ti ga, ooru ò ráyè rìn wọnú mọ́, ńṣe ló ń kó jọ sí awọ ara, níbi etí gan-an. Awọ yẹn ṣe nípọn tó? Ẹ rò ó báyìí: gbígbóná ṣubú láti u létí dé ibi tó tutù díẹ̀ nínú, láàárín ìnípọn awọ náà. Bí ìṣubú yẹn ṣe yára tó ló ń sọ iye ooru tó ń rìn wọlé, iye yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ u^p. Tí p bá jẹ́ 2, tí u sì jẹ́ 10, awọ á jẹ́ bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí u bá jẹ́ 100, awọ á jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó ṣe ń gbóná ló ń fẹ́lẹ́. Àkókò tí ooru fi ń la awọ kọjá sì ń tẹ̀lé ìnípọn ní agbára 2, nítorí náà tí awọ bá fẹ́lẹ́ dé ìdajì, àkókò dín kù dé ìdámẹ́rin. Ìdí nìyí tí bíbẹ́ etí fi yá ju gbèsè lọ: ká ní ó ku wákàtí kan kó bẹ́ (ìgbà tó ti ga dáadáa ni mò ń sọ o), á fi 45 ìṣẹ́jú di ìlọ́po méjì, ó ku ìṣẹ́jú 15, ìlọ́po méjì míì ti ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ó dín díẹ̀. Hu àti Yin ló fi ìdí èyí múlẹ̀ dáadáa ní 1994, wọ́n tún fi hàn pé etí nìkan ló ń bẹ́. Inú ṣì wà ní nọ́ńbà gidi nígbà tí etí ti lọ.

(Fún àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò nìkan: gbèsè tó ń dàgbà ní u ní ìlọ́po log u kì í bẹ́. Gbé ohun kan náà sí etí irin, ó bẹ́. Awọ fífẹ́lẹ́ ló fà á. Ẹyin tó kù, ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Báwo la ṣe máa dá a dúró?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn ni pé ká fi ìtutù sínú. Ká ní gbogbo inú irin yẹn ní ohun tó ń jẹ ooru, tó sì ń jẹ púpọ̀ sí i bó ṣe ń gbóná, ká ní ó ń jẹ u^m. Ooru ń wọlé ní agbára 2, ẹ̀yin náà ẹ fi ohun tó ń jẹun ní agbára 2 sínú, tàbí 2.5 kó lè lágbára jù ú lọ. Ó parí, àbí? Kò parí o. Mo fi tó yín létí pé èmi gan-an ṣi ibí yìí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo fi igi gún ara mi lójú níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ fojú inú wo ọjà Kútọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Èrò ń rọ́ gba géètì wọlé, gbogbo wọn wá há sí ẹnu géètì, wọn ò ráyè wọ inú lọ. Igba olóúnjẹ ló wà káàkiri inú ọjà tí wọ́n ṣe tán láti bọ́ èèyàn. Mélòó nínú wọn ló rí oníbàárà? Àwọn mẹ́ta tó wà nítòsí géètì ni. Àwọn tó kù ń lé eṣinṣin. Ohun tó ń jẹ ooru nínú irin náà nìyẹn, kìkì èyí tó bá wà nínú awọ fífẹ́lẹ́ yẹn ló ń rí ooru ńlá jẹ, awọ sì ń fẹ́lẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ká ní u létí jẹ́ 100, p jẹ́ 2. Ooru tó ń wọlé: 100 lọ́nà 100, ìyẹn 10,000. Awọ: ìdá kan nínú 100. Tí ohun tó wà nínú bá ń jẹun ní agbára 2, ó lè jẹ 10,000 níbi gbogbo tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú 100 nìkan ló gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà 100 ló jẹ. 10,000 ń wọlé, 100 ń jáde. Ẹ ò rí i pé eré ni. Tó bá jẹ́ agbára 3, mílíọ̀nù kan pín sí ọ̀nà 100, ó di 10,000. Wọ́n dọ́gba! Tó bá jẹ́ agbára 4, 100 mílíọ̀nù pín sí ọ̀nà 100, mílíọ̀nù kan ló ń jẹ, ooru etí ò ní mí mọ́. Nítorí náà ààlà ò sí ní 2, ó wà ní 3. Fún p èyíkéyìí tó ju 1 lọ, ààlà wà ní 2p dín 1: m tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní bẹ́ láé bó ti wù kó bẹ̀rẹ̀ ga tó, m tó bá kéré sí i, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ńlá lè bẹ́. Chipot, Fila àti Quittner ló yanjú ẹ̀ ní 1991. Wọ́n tún yanjú orí ààlà gan-an, níbi tí 10,000 ti ko 10,000 lójú: níbẹ̀, iye tí a fi sọ́wájú u^m ló ń dájọ́. Lórí ọ̀pá irin, tí p bá jẹ́ 2 tí m sì jẹ́ 3, tí iye yẹn bá ju 2 lọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá kéré sí 2, ó lè bẹ́.

Ọ̀nà kejì, tí èmi fẹ́ràn jù, ni ká lọ bá a níbi tó ti ń wọlé. Tí a bá gbé ìtutù kúrò nínú, tí a gbé e sí etí gan-an, gbogbo ọ̀rọ̀ awọ fífẹ́lẹ́ yẹn ti kúrò nílẹ̀. Níbẹ̀, ohun tó ń jáde kò nílò 2p dín 1, kó ṣá ti ju p lọ, ó tó. Irú ìtutù etí bẹ́ẹ̀ sì wà láyé láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe é: gbogbo ohun gbígbóná ń tan ooru dànù láti ara ẹ̀, òfin Stefan àti Boltzmann sọ pé ní agbára 4 ni. Tí gbígbóná bá di ìlọ́po méjì (láti òdo tòótọ́ ni kẹ́ ẹ ti ka á, ìyẹn nǹkan bíi dígírì 273 nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín), ooru tó ń jáde di ìlọ́po 16. Nítorí náà etí tó ń gba ooru wọlé ní agbára 2 tàbí 3, tó sì ń tàn án dànù ní agbára 4, kò lè bẹ́. Tí p bá jẹ́ 3, ohun tó wà nínú ìbá nílò ju agbára 5 lọ kó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín kéèyàn jókòó sí géètì àti kéèyàn jókòó sí àárín ọjà.

Ọmọ ìyá ọ̀nà yìí ni kí ẹ kàn fi ààlà sí ohun tó lè wọlé. Etí tó ń gba u² nígbà tí u kéré, àmọ́ tí kò lè gba ju iye kan pàtó lọ bó ti wù kí u ga tó, kò lè bẹ́. Ohun tí ìdérí àǹtí mi ṣe nìyẹn. Kò tu àbẹ́là lára, àbẹ́là ṣì gbóná gidi fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń dé ojú ẹ̀ ló gé kúrò, iná ò rí ohun tó máa fi jó, ooru tó ń padà sójú àbẹ́là di òdo. Omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́, inú ni ìyẹn ń lọ.

Ọ̀nà kẹta ni ká ṣí ilẹ̀kùn kan. Ọ̀pá irin kan náà, orí kan ń gba u² wọlé, ṣùgbọ́n orí kejì la tì bọnú omi dídì tí kì í yọ́, ká pe ibẹ̀ ní òdo. Báyìí, bíbẹ̀rẹ̀ ní kékeré ti wá wúlò. Tí gígùn irin bá jẹ́ L, ìlà tààrà kan wà tó gbéra láti òdo níbi omi dídì tó sì dé 1 pín sí L níbi orí gbígbóná, orí ìlà yẹn, ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde dọ́gba pátápátá. Bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ìlà, á tutù títí á fi di òdo. Bẹ̀rẹ̀ lókè ẹ̀, á bẹ́. Ẹ wo L yẹn dáadáa: irin tó gùn ní ìlọ́po méjì, ìlà ẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ìdajì. Bí ilẹ̀kùn bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a lè fara dà á ṣe ń kéré.

Tí irin náà bá wá gùn títí láé, tí kò lópin ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ wa. Galaktionov àti Levine fi hàn ní 1996 pé lórí irin bẹ́ẹ̀, tí p bá wà láàárín 1 sí 2, tó fi mọ́ 2 fúnra ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń bẹ́, bó ti wù kó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tó. Ṣùgbọ́n tí p bá ju 2 lọ, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré lè yè. Agbára tó ga ló wá ń gbani là? Bẹ́ẹ̀ ni, tórí nọ́ńbà tó kéré sí 1 máa ń kéré sí i tẹ́ ẹ bá gbé e ga: 0.1 ní agbára 2 jẹ́ 0.01, ní agbára 3 ó di 0.001. Ooru tó ń wọlé kéré débi pé títàn kálẹ̀ á ti gbé e sá lọ sí ọ̀nà jíjìn kó tó kó ara ẹ̀ jọ.

Àwọn kan á ní, Ọ̀gbẹ́ni, irin kankan ò dé àìlópin rí. Òótọ́ ni. Irin á ti yọ́, àbẹ́là á ti tán, afẹ́fẹ́ ò ní tó. Tí ìṣirò bá bẹ́, ohun tó ń sọ ni pé kí aago yẹn tó lù, ohun kan tí ẹ ò kọ sínú ìṣirò yín máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ tètè lọ wo ohun náà kó tó jẹ́ òun ló máa wá wò yín.

Ó wá ku NaN àbúrò mi. Mo ní kó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Irin ẹ̀ gùn ní 1, ó gé e sí ọ̀nà 100, nítorí náà àlàfo kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.01, ó sì ń fi 0.001 tẹ̀ síwájú nínú àkókò. Háà. Pẹ̀lú ọ̀nà tó rọrùn jù tí òun lò yẹn, ìgbésẹ̀ àkókò ò gbọdọ̀ ju ìdajì àlàfo ní agbára 2 lọ, ìyẹn 0.00005. Ó fi ìlọ́po ogún kọjá. Èyí tó bẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe ooru, ìgbésẹ̀ ẹ̀ ló bẹ́, kódà tí kò bá sí ooru kankan tó ń wọlé, á ṣì bẹ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ nìyí: ẹ máa gé ìgbésẹ̀ yín sí ìdajì léraléra, kẹ́ ẹ máa tún un ṣe. Tí bíbẹ́ bá pòórá, ẹ̀bi yín ni. Tó bá ṣì ń bẹ́, tí àkókò tó fi ń bẹ́ sì ń dúró lójú kan bẹ́ ẹ ṣe ń gé ìgbésẹ̀ àti àlàfo kéré sí i, ooru ni.

Ó tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orí kan wà nínú omi dídì, orí kejì ń gba u². Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 0.9 ìlà yẹn, ó tutù dé òdo. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.1, ó bẹ́, ó gé ìgbésẹ̀ sí ìdajì, ó tún bẹ́ ní nǹkan bí àkókò kan náà. Ó ní òun á dán 1 gangan wò. Ó fi sílẹ̀ lórí laptop, ó lọ jẹun, ó padà dé, nọ́ńbà ṣì dúró lórí 1 bí ẹni tí wọ́n fi ìdè dè. Ó pè mí pé Bọ̀dá mi, ó ti dúró o. Mo ní kó jẹ́ kó máa lọ. Kọ̀ǹpútà kì í kọ nọ́ńbà tán, ó máa ń gé ìrù díẹ̀ kúrò lẹ́yìn nọ́ńbà kẹrìndínlógún tàbí bẹ́ẹ̀, ìrù yẹn tó láti ti ẹni tó dúró lórí ìlà ṣubú. Nígbà tó tún pè mí padà, ó ti di 0.98, ó sì ń lọ sílẹ̀.